Ẹfọ̀n àti Koríko Inú Màrìwò

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi kò dá lórí ọba, kò dá lórí olówó. Ó dá lórí Ẹfọ̀n oníwo ńlá àti Ẹtu ọlọ́mọ kan. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ṣì ń bí mi.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kan, iná jó ọ̀dàn àwọn ẹranko, wùwùwù, ó jó o kanlẹ̀. Ebi dé. Ọmú Ẹtu gbẹ, ọmọ rẹ̀ kò lè dìde mọ́. Àwọn ẹranko bá wá irúgbìn koríko jọ, wọ́n fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tó jó. Ẹfọ̀n ni àgbà wọn, òun ló fi màrìwò yí ibẹ̀ ká. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá so màrìwò sí, ẹnikẹ́ni kì í wọ ibẹ̀.

Òjò rọ̀, koríko yọ. Kò pẹ́, koríko pòórá. Ẹfọ̀n ní, "Oòrùn ló pa á."

Wọ́n tún fọ́n irúgbìn. Òjò tún rọ̀, koríko tún yọ, koríko tún pòórá. Ẹfọ̀n ní, "Àparò ló ṣà á jẹ." Wọ́n lu Àparò, pàà, pàà, wọ́n lé e jáde. Ẹyẹ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́ẹ̀kẹta, irúgbìn tán. Ẹtu mú ìwọ̀nba irúgbìn tó ń rún bọ́ ọmọ rẹ̀, ó fọ́n ọn. Koríko yọ. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, Ẹtu rí nǹkan funfun lórí ilẹ̀ dúdú inú màrìwò náà. Lékeléke ni. Ta ni kò mọ̀ pé ibi tí Ẹfọ̀n bá ti ń jẹ̀ ni Lékeléke máa ń wà? Ẹtu fi orin bọnu, ẹ bá mi gbè é:

Lékeléke, kí lo ń wá níbẹ̀?
*Koríko wa dà?*
A gbìn ín, ó hù.
*Koríko wa dà?*
Ta ló wọ inú màrìwò?
*Koríko wa dà?*

Gbogbo wọn sáré wá, gìrìgìrì. Ẹfọ̀n rèé, ewé tútù lẹ́nu. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà níbẹ̀, ó ń jẹun.

Ẹfọ̀n ní, "Ṣé èmi tí mo so màrìwò ni màrìwò máa dè?"

Ẹtu ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé màrìwò kò mọ àgbà."

Wọ́n lé Ẹfọ̀n wọ àbàtà, ibẹ̀ ló wà dòní. Wọ́n lọ bẹ Àparò, ó padà wá. Koríko tó ṣẹ́ kù dàgbà, ó so, ó kún ọ̀dàn. Ṣùgbọ́n kó tó tó jẹ, ọmọ Ẹtu ti kú. Ẹtu dúró nínú koríko náà, kò fi ẹnu kàn án.

Ibi tí ààlọ̀ mi sùn sí nìyẹn. Ó kọ́ wa pé ẹni tó bá ṣòfin ni òfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú. Bí àgbà bá jẹ ohun tí gbogbo ìlú gbìn, tó wá ní oòrùn ló pa á, ẹ má fi ọ̀wọ̀ dákẹ́ fún un. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń kú sí i.