Àwẹ̀ró àti Àgbàrá Òkè-Àgọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi bọ́ láti orí òkè, ó pariwo wá sí ìsàlẹ̀, ó pàdé obìnrin kan tó ní òun kò níí yà fún un. Bí mo bá kọrin, kí ẹ máa gbè é pé, "Ṣàn lọ sódò, ṣàn." Ẹni tó bá ń tòògbé, ẹ ta omi sí i lójú.

Ní ayé àtijọ́, opó kan wà ní Òkè-Àgọ̀. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Orí òkè ni gbogbo ìlú kọ́lé sí. Tirẹ̀ nìkan ló wà ní ìsàlẹ̀, nítòsí odò. Ilé alámọ̀ ni. Inú iyàrá ilé náà ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, bí àwọn àgbà ti ń ṣe nígbà náà.

Àwọn ará òkè kì í lọ sí ààtàn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a kó pàǹtí jọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí òjò bá dé, wọn a dà á sínú àgbàrá. "Àgbàrá, gbé e lọ!" Ibi tó ń gbé e lọ, ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ń ṣe é.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀. Àgbàrá sọ̀ kalẹ̀, ó kó adìẹ Àwẹ̀ró lọ. Lọ́dún kejì, òjò rọ̀. Àgbàrá sọ̀ kalẹ̀, ó wó ilé ìdáná. Lọ́dún kẹta, òjò rọ̀. Àgbàrá sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdí ògiri iyàrá ọkọ rẹ̀.

Àgbàrá ní, "Obìnrin, yà lọ́nà. Lọ́dún tó ń bọ̀, n ó wọlé."

Àwẹ̀ró ní, "O ò níí wọlé."

Ó gun òkè lọ bá Baálẹ̀. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àwẹ̀ró, ta ní ń bá omi jà? Kó ẹrù rẹ, wá máa gbé orí òkè."

"Bàbá, ṣé kí n di ọkọ mi náà mọ́ ẹrù?"

Baálẹ̀ dìde, ó wọlé lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Àwọn ọkùnrin ń ta ayò lábẹ́ igi. Àwẹ̀ró mú ọkọ́, ó ń gbẹ́ kòtò. Ewúrẹ́ kọjá. "Ìyá, ilẹ̀ le. Ẹ fi sílẹ̀." Ó ń gbẹ́ ẹ. Alángbá kọjá. "Ìyá, oòrùn mú. Ẹ fi sílẹ̀." Ó ń gbẹ́ ẹ. Àkèré yọjú láti odò. "Ìyá, omi ju ènìyàn lọ. Ẹ fi sílẹ̀."

"Ìwọ tí omi jẹ́ ilé fún, panu mọ́!"

Ó gbẹ́ ẹ láti etí odò, ó gbẹ́ ẹ kọjá ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbẹ́ ẹ dé àárín àpáta méjì tí àgbàrá ń gbà sọ̀, lẹ́yìn ilé Baálẹ̀ gan-an. Ó ro koríko àgbàlá, ó gbá ewé gbígbẹ, ó kó wọn lọ sí ààtàn. Ó kó iyẹ̀pẹ̀ kòtò ti ìdí ògiri, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Àwọn ará òkè yọ̀. "Ẹ da pàǹtí o!" Èèpo iṣu, háhá àgbàdo, ewé gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ wọ inú kòtò Àwẹ̀ró. Kòtò dí. Omi ru sókè, ó dojú kọ ògiri.

Àgbàrá ní, "Mo ti dé."

Inú bí Àwẹ̀ró, ẹ̀rù sì bà á. Ó gbé agbọ̀n, ó bẹ́ sínú kòtò. Omi mù ún dé ìbàdí. Ó ń kó pàǹtí, ó ń kọrin:

Àgbàrá, o kó adìẹ mi, n ò wí,
*Ṣàn lọ sódò, ṣàn.*
O wó ilé ìdáná mi, n ò wí,
*Ṣàn lọ sódò, ṣàn.*
Iyàrá ọkọ mi yìí, n ò gbà,
*Ṣàn lọ sódò, ṣàn.*
N ò gbà lónìí, n ò gbà lọ́la,
*Ṣàn lọ sódò, ṣàn.*

Kò da pàǹtí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rù ú padà sókè, agbọ̀n lórí agbọ̀n, ó kó o sí àárín àpáta méjì, ó fi dí ọ̀nà náà pa. Omi kò rí ìsàlẹ̀ sọ̀ sí mọ́. Ó yíjú padà, ó wọ ilé Baálẹ̀.

Baálẹ̀ sáré jáde. Ẹní rẹ̀ ń léfòó tẹ̀lé e. "Àwẹ̀ró! Ṣí ọ̀nà fún omi!"

"Bàbá, pàǹtí ta ló dí i?"

Baálẹ̀ wò ó. Ó rí èèpo iṣu tirẹ̀. "Tiwa ni."

"Ẹ wá kó o."

"Èmi Baálẹ̀? Nínú òjò?"

"Omi ò mọ Baálẹ̀, Bàbá."

Baálẹ̀ ká aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n kó pàǹtí lọ sí ààtàn, wọ́n ko kòtò títí dé odò. Àgbàrá wọ kòtò, ó ń kùn, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ògiri dúró. Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ lé e, ó sunkún ayọ̀.

Àgbàrá ní, "Ǹ bá wó o."

"Mo mọ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Èmi ni n ò gbà."

Láti ọjọ́ náà, kí òjò tó dé, olúkúlùkù ní Òkè-Àgọ̀ a ko ojú àgbàrá iwájú ilé rẹ̀, Baálẹ̀ a sì ṣíwájú.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé pàǹtí tí a dà sínú àgbàrá kì í sọnù, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ló ń lọ. Ó tún kọ́ wa pé àgbàrá òjò ò lóun ò níí wólé, onílé ni ò níí gbà fún un.

Ibi tí ààlọ́ mi ṣàn já sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí òjò tó ń bọ̀ bá mi lórí ẹní.