Abẹ́ní àti Máníjà Tó Ń Ka Ìṣẹ́jú
Lájídé, máníjà ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ọ̀tà, ra aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú, ó ní kí Abẹ́ní tó ń di ọṣẹ sínú páálí máa di ogún ní wákàtí kan dípò mẹ́jọ, tàbí kó gba ilé lọ. Abẹ́ní kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ka gbogbo wákàtí mi, kí n lè mọ ibi tí mo ti ń lọ́ra." Lájídé fọ́nnu, ó pe Alhaja tó ni ilé-iṣẹ́ kó wá gbọ́ àbọ̀ náà. Akọ̀wé kà á sókè: "Dídi páálí mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Dídúró kí ọ̀gá jí lójú oorun, kí wọ́n wá ṣí yàrá tí páálí wà, nítorí àwọn nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì." Alhaja yíjú sí Abẹ́ní, ó ní, "Ta ni ká wá lé báyìí?" Abẹ́ní ní, "Ẹ má lé ẹnikẹ́ni, mà. Ẹ ṣáà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n máa sùn lọ. Oorun wọn ò ní dí wa lọ́wọ́ mọ́."