Koríko Abilà Tí Ọ̀yà Gbìn

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ àwọn àgbà. Ọ̀yà ni mo fẹ́ pa lálọ̀ọ́, òun àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ẹlẹ́tàn.

Ní ìgbà kan rí, àgbàrá òjò ń wọ́ etí àgbàlá Erin, ọba àwọn ẹranko, lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀yà ló wá nǹkan ṣe sí i. Ó lọ sí etí odò, ó hú koríko kan tí ewé rẹ̀ ní ilà funfun gbọọrọ, ó gbìn ín yí àgbàlá ká. Òjò méjì péré, koríko ti di ilẹ̀ mú gírígírí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ, á máa kọ yẹ̀rì. Gbogbo ìlú ń wá wò ó.

Erin ní, "Ọ̀yà, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?"

"Kábíyèsí, kò gba wàhálà. Ẹ ṣáà fi í sílẹ̀."

Ọ̀kẹ́rẹ́, tí igi rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá, gbọ́. Ó bẹ́ sílẹ̀.

"Kábíyèsí, wọ́n ń tàn yín ni! Ṣé ẹ ò rí ilà funfun yẹn? Ebi ni! Àgbàdo àti ẹ̀pà ló ń jẹ. Bí kò bá jẹun, á kú, àgbàrá á sì gbé ààfin lọ. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ."

Ẹ̀rù ba Erin. Ó pàṣẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan máa gbé agbọ̀n kan wá lójoojúmọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ á ní kí wọ́n kọ̀yìn, pé ojú ń ti koríko láti jẹun níṣojú àwùjọ. Á yára da gbogbo ẹ̀ sínú ihò tó gbẹ́ sídìí igi rẹ̀, á fi erùpẹ̀ bò ó.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Oúnjẹ tán nílé àwọn ará ìlú, àwọn ọmọ Òkété, aládùúgbò Ọ̀yà, ń sunkún ebi. Ọ̀yà ò lè gbà á mọ́ra mọ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọba.

"Kábíyèsí, koríko ni oúnjẹ ìdílé wa. A mọ gbogbo irú rẹ̀, kò sí koríko tó ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ dá agbọ̀n dúró. Bó bá kú kí òjò tó dé, èmi àtàwọn ọmọ mi á kúrò nílùú."

Ọkọ rẹ̀, tó tẹ̀lé e wá, rọra ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o rò ó dáadáa?"

"Mo rò ó. Mi ò yẹsẹ̀."

Ọba gbà fún un. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ọ̀yà lọ mu omi, Ọ̀kẹ́rẹ́ fi eyín gé koríko náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó figbe ta: "Ó ti kú o! Ẹ wá wò ó!"

Àwọn ará ìlú ní kí Ọ̀yà máa kó ẹrù. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀, ó tọwọ́ bọlẹ̀, ó fọwọ́ kan gbòǹgbò.

"Ó tutù. Kò kú. Òjò ni mo fi ṣe gbèdéke, òjò ò sì tíì rọ̀. Mi ò lọ síbì kankan."

Ó jókòó ti ibẹ̀. Wọ́n bú u, kò dìde.

Ní ọjọ́ keje, òjò dé. Koríko rú jáde, ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ilà rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn náà hù o! Àgbàdo àti ẹ̀pà hù bo gbogbo ìdí igi Ọ̀kẹ́rẹ́.

Erin bi í pé, "Ta ló gbin èyí?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ sá gun orí igi. Ìlú ló roko àgbàdo àti ẹ̀pà náà; nígbà tó gbó, wọ́n kórè rẹ̀, wọ́n sì pín in délé-délé. Títí dòní, Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í sọ̀kalẹ̀ láìwo ọ̀tún wo òsì.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù gba oúnjẹ lẹ́nu yín. Ẹni tó bá sì mọ òótọ́, kó dúró tì í gbọin-gbọin.