Ìbọn Tí Kò Gbọdọ̀ Tàsé

Balógun Òjẹ́wùmí, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, tó sì ń tàsé àmì lọ́dọọdún níwájú gbogbo ọdẹ, pàṣẹ fún Ògúnmọ́dẹdé alágbẹ̀dẹ pé kó rọ ìbọn ẹ̀tù tí kò ní tàsé láé. Bó bá tàsé, kó kó kúrò nínú àgbẹ̀dẹ tó ń dá gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ògúnmọ́dẹdé kò lẹ́ni tí yóò bá gbìmọ̀, ló bá bi ẹwìrì tó fi ń fẹ́ná pé, "Ká ṣe é gígùn ni, àbí kúkúrú?" Ẹwìrì ní fùù. Ìbọn gígùn yóò wúwo jù fún ọwọ́ Balógun. Ti kúkúrú, ọta rẹ̀ a máa rìn gbéregbère. Ó ṣe é gígùn, ó tún ṣe é nípọn. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó dì í mọ́ kùkùté igi bí àwọn alágbẹ̀dẹ ti í ṣe, torí ìbọn tuntun a máa bẹ́ lu ẹni tó bá gbé e dání. Ó so okùn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yìn ín, ó bọ́ sẹ́yìn, ó fa okùn. Gbàù! Àárín àmì. Ó tún ki ẹ̀tù, ó tún fà á: àárín àmì. Ó tú u, ó kúnlẹ̀: "Ẹ gbà á, Balógun. Gbogbo ọdẹ ti rí i pé ìbọn yìí kì í tàsé. Bó bá wá tàsé lẹ́yìn èyí, a jẹ́ pé kì í ṣe ìbọn ló tàsé." Ọdẹ kan ní, "Bàbá, ẹ yìn ín ká rí i!" Balógun wo ìbọn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "A kì í fi irú èyí ṣeré." Àwọn ọdẹ bá a lọ mu ẹmu, Ògúnmọ́dẹdé nìkan ló gba ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Ìbọn náà ń bẹ lára ògiri Balógun dòní. Kò tíì tàsé.