Àkàngbé Afíngbá àti Ojú Tó Gbẹ

Ní abúlé Ìdí-Ìṣin, afíngbá kan wà tó ń jẹ́ Àkàngbé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ débi pé bí ó bá fín eéṣú sára igbá, adìẹ a fẹ́ ṣá a jẹ. Ṣùgbọ́n Àyìnkẹ́, aya rẹ̀, kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, bí omi ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀ báyìí, Láṣebìkan aládùúgbò rẹ̀ gbá a léjìká.

"Àkàngbé, mú ara le! Ṣé obìnrin ni ọ́ ni?"

Àkàngbé gbé omijé mì. Láti ọjọ́ náà, kò sunkún mọ́.

Ilé wá dákẹ́. Nígbà mìíràn Àkàngbé a gbàgbé, a ní, "Àyìnkẹ́, bù mí lómi," ìkòkò omi nìkan ni yóò sì máa wò ó. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ gbẹ bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá ṣẹ́jú, ńṣe ló dà bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀. Ilà kan di méjì lójú rẹ̀, ọ̀bẹ yẹ̀, igbá méjì bàjẹ́. Àwọn oníbàárà kó igbá wọn lọ sí abúlé kejì. Igbá ìyàwó kan ṣoṣo, tí wọ́n fẹ́ fi sin ọmọge kan lọ ilé ọkọ, ló kù sí i lọ́wọ́. Bí èyí náà bá bàjẹ́, iṣẹ́ parí nìyẹn, kò sì sí ohun mìíràn tí yóò máa bá a gbé inú ilé náà.

Ó tọ ìyá arúgbó kan lọ, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olójú nítorí pé ojú ló ń tọ́jú.

"Ìgbà wo lo sunkún gbẹ̀yìn, ọmọ mi?"

"Ìyá, ọkùnrin ni mí."

"Ojú kò mọ ìyẹn. Ọlọ́run Ọba tó fi omi sínú ojú kò fi í síbẹ̀ lásán. Lọ yan yànmọ̀tí, kí o lọ̀ ọ́ kúnná, kí o fi omi gbígbóná pò ó títí òróró yóò fi yọ. Fúnra rẹ ni kí o ṣe é. Gbé e wá kí n sẹ́ ẹ."

"Àyìnkẹ́ ló máa ń yan án…"

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Máa lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yànmọ̀tí náà ń ta pàpàpà nínú agbada, òórùn rẹ̀ sì gba ilé kan. Òórùn Àyìnkẹ́ ni, bí ó ti máa ń rí láràárọ̀. Àkàngbé kúnlẹ̀ ti ọlọ. Ibi tí ọwọ́ aya rẹ̀ ti mú kí ọmọ ọlọ dán ni ọwọ́ tirẹ̀ bọ́ sí. Ẹkún dé. Ó sun ún bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú. Bí ó ti ń sun ún, ojú rẹ̀ kan igbá ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rí i pé ilà kan ṣoṣo ni ilà kan, kò di méjì mọ́. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí fín in.

Láṣebìkan gbọ́ ẹkún, ó sáré wọlé.

"Yéè! Gbé ọ̀bẹ sílẹ̀! O fẹ́ fi ẹkún ba igbá ọmọ ọlọ́mọ jẹ́?"

"Wò ó ná kí o tó pariwo. Ilà wo ló wọ́ níbẹ̀?"

Láṣebìkan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Kò sí èyí tó wọ́.

"O ń sunkún, o sì ń ríran?"

"Ìgbà tí mo kọ̀ tí mi ò sunkún ni mi ò ríran."

Nígbà tí Àkàngbé lọ̀ ọ́, tí ó pò ó, tí ó sì gbé e lọ, Ìyá Olójú sẹ́ òróró náà, ó kán an sí i lójú. "Ẹkún ti fọ̀ ọ́, èyí kò ní jẹ́ kó tètè gbẹ."

Ilé Àkàngbé kò yé dákẹ́. Ṣùgbọ́n igbá ìyàwó pé ọjọ́ rẹ̀, iṣẹ́ sì tún wọlé. Ohun tí Láṣebìkan rí lọ́jọ́ náà ló ń sọ kiri, òun ni àwọn àgbà sì gbà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ìbànújẹ́ bá bò mọ́lẹ̀ pé: bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.