Òwú Àràbà Lábẹ́ Páànù

Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ògúndíyà wọ igbó ìwin lọ tọrọ òwú àràbà, kí ooru páànù má baà lé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kúrò nílé.

Òun ló kọ́kọ́ kan páànù lábúlé wọn. Bí òjò bá ń rọ̀ lórí rẹ̀, ọdẹ a máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá gòkè, ilé a gbóná bí ìkòkò àgbàdo tó ń hó. Ara Ìbídùn, ọmọ wọn, sú wúruwùru. Ọmọ ò sùn, ìyá ò sùn.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ máa fi páànù yangàn. Bó bá di ọjọ́ ọjà tí ilé yìí ò tutù, mo ń gbé ọmọ mi lọ sílé koríko ìyá mi."

Ògúndíyà gbé ìbọn, ó di inú igbó. Ó rìn títí ó fi dé ibi tí igi ti ń kí ara wọn, tí òkúta ń húkọ́. Àràbà kan wà níbẹ̀ tó ga débi pé ẹyẹ ń sinmi lọ́nà kó tó dórí rẹ̀. Ìwin kan jókòó sídìí rẹ̀, ojú kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Ọdẹ ṣí fìlà, ó kọjú ìbọn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Ọba igi, ọba ewé, ọba—"

"Dákẹ́. Oríkì kì í bo ilé. Kí lo wá ṣe?"

"Ooru fẹ́ lé aya mi, bàbá. Òwú yín ni mo wá tọrọ."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹyẹ ni. Ẹyẹ ò da omi sí ìtẹ́ kó lè tu ọmọ rẹ̀ lára. Ohun rírọ̀ ló ń tẹ́ síbẹ̀."

Ìwin rẹ́rìn-ín, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ògúndíyà kó o sápò, ó ń fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ bí ẹní ń di ẹran yíyan. Ìwin figbe ta.

"Òmùgọ̀ ọdẹ! Atẹ́gùn tó há sínú òwú ló ń dí ooru lọ́nà. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ pa, kí ló kù? Jẹ́ kó wú. Fi ewé dóńgóyárò sí i nítorí kòkòrò, fi amọ̀ rẹ́ abẹ́ àjà nítorí iná. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dí ooru yóò dí nǹkan mìíràn."

"Kí ni, bàbá?"

"Ṣé ìwọ kọ́ lọdẹ ni? Máa fetí sílẹ̀."

Ó délé ṣáájú ọjọ́ ọjà, ó tẹ́ òwú sórí àjà bí ìwin ṣe wí. Lọ́sàn-án gangan, Ìbídùn sùn, ó ń hanrun bí àgbà. Àwẹ̀ró tú ẹrù tó ti dì.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbídùn. Mi ò lọ mọ́."

Inú ọdẹ dùn. Ó sá ẹ̀tù ìbọn rẹ̀ sóòrùn, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ tì wọ́n.

Òjò dé. Páànù pariwo lókè, òwú gbé ariwo náà mì. Nígbà tí Ògúndíyà jí, àwo ẹ̀tù ti di omi dúdú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́, ẹ tẹ́ òwú sílé yín, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan máa yọjú wo ojú ọ̀run. Gbogbo ẹ̀tù tí Ògúndíyà ìbá fi dọdẹ ni oorun ọ̀sán kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbín ni ọdẹ ńlá náà ń ṣà kiri títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé.