Ọjọ́ Tí Abọ́sẹ̀dé Pa Orúkọ Àwọn Aláìsàn Rẹ́

Abọ́sẹ̀dé ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn ìlú wa ń kó orúkọ aláìsàn sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ pa orúkọ àròsọ tí wọ́n fi ń dánrawò rẹ́, àṣé ibi orúkọ ojúlówó ló ṣí sílẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, gbogbo orúkọ àti àkọsílẹ̀ ìtọ́jú wọn pòórá. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti jókòó níta, nọ́ọ̀sì kò sì mọ ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Abọ́sẹ̀dé ì bá di ẹ̀bi náà ru iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Alàgbà Fálọlá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

Ọ̀gá ní, "O ṣeun tí o tètè sọ. Ẹ̀dà ti àná wà nínú kọ̀ǹpútà kejì. Jẹ́ ká dá a padà ná."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, orúkọ ti padà. Abọ́sẹ̀dé wá ń retí ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀gá ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Kí ló gbé ọ ṣubú?"

"Ojú ibi ìdánrawò àti ti ojúlówó jọra, sà."

Ọ̀gá ní kí ó tún un ṣe. Abọ́sẹ̀dé sọ ojú ibi ojúlówó di pupa, ó sì ṣe é kí kọ̀ǹpútà máa ní kí èèyàn tẹ orúkọ ilé ìwòsàn kí ó tó pa ohunkóhun rẹ́.

Lóṣù kejì, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣi bọ́tìnnì ìparẹ́ tẹ̀ níbi ojúlówó. Ojú pupa náà bi í léèrè orúkọ ilé ìwòsàn. Ó rọra gbọ́wọ́ kúrò, ó yíjú sí Abọ́sẹ̀dé.

"Ìwọ lo yọ mí lónìí."